Wíńdò InDesign tí kì í dúró sójú kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ṣí dókúmẹ́ǹtì nínú InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ojú ìwé, ibi tó bá wù ú ni wíńdò ẹ̀ máa ń jókòó sí, èmi á wá máa fà á kiri. Ṣé script, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí InDesign máa ń tẹ̀ lé, lè bá mi rántí ibi tí mo fi í sí?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó lè rántí ẹ̀ dáadáa. Wíńdò kọ̀ọ̀kan ní bounds, ìyẹn ibi tí etí ẹ̀ wà, nọ́ńbà mẹ́rin ni, òkè ló ṣáájú, kó tó kan òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún. Jẹ́ kí script ẹ kà á ní beforeClose, ìyẹn ìgbà tó o bá fẹ́ ti dókúmẹ́ǹtì, kó kọ ọ́ sínú fáìlì kékeré kan pẹ̀lú orúkọ dókúmẹ́ǹtì, tó bá wá di afterOpen, ìyẹn lẹ́yìn tó o bá ṣí i, kó dá a padà. O lè fi insertLabel, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sára nǹkan, tọ́jú ẹ̀ sínú dókúmẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ náà, àmọ́ tó o bá ṣe é nígbà tó o fẹ́ tì í, InDesign á tún máa bi ẹ́ bóyá kó sévù, èmi ò lè fara da wàhálà yẹn.

Ibi tó ti ń dojú rú gan-an nìyí: afterOpen máa ń wáyé fún dókúmẹ́ǹtì, ó tún ń wáyé fún wíńdò, èyí tí target ẹ̀ (ohun tó wáyé fún) jẹ́ LayoutWindow, ìyẹn wíńdò dókúmẹ́ǹtì, ni kó o mú. Fi #targetengine sókè script náà kó má bàa pa rẹ́ lẹ́yìn tó bá ṣiṣẹ́ tán, kó o jù ú sínú fódà Startup Scripts, kó lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ tí InDesign bá ṣí. Kó o sì yọ Open Documents as Tabs kúrò nínú Preferences (ibi ètò InDesign), kí wíńdò kọ̀ọ̀kan lè dá dúró o.