Sáfà kọ "sent", oníbàárà ní òun kò rí nǹkan kan

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, Postfix sì ni sáfà tí a fi ń rán ímeèlì. Oníbàárà kan ní Ìbàdàn ní òun kò rí ìwé owó tí mo fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sáfà kọ ọ́ pé "status=sent". Òmíràn tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹnì kan tí ń jẹ́ MAILER-DAEMON dá a padà fún mi. Ta ni ó ń parọ́ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Kò sí ẹni tí ó parọ́. Bí ẹ bá gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáráàjì, tí ó gbà á, ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kò tíì dé ilé oníbàárà. Ohun tí "sent" ń sọ kò ju ìyẹn lọ: sáfà oníbàárà ti dáhùn 250 (nọ́ńbà tí ó túmọ̀ sí "mo ti gbà á"), ó ti gba lẹ́tà náà, ó sì ti di ẹrù ọrùn rẹ̀. Bí ó bá wá tì í sínú spam (àpótí tí a ń da ìpolówó rádaràda sí), sáfà tiyín kò lè mọ̀. Nítorí náà, kí oníbàárà kọ́kọ́ yẹ spam wò, torí ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń bá a. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo ìlà lẹ́tà náà nínú /var/log/mail.log (fáìlì tí sáfà yín ń kọ ohun tí ó ṣe sí), lẹ́yìn "250", ẹ óò sábà rí "queued as" àti àmì kan. Àmì yẹn ni kí ẹ fún ẹni tí ń bójú tó sáfà oníbàárà yín, òun ni yóò fi tọpa lẹ́tà náà.

Ti èkejì yàtọ̀. Ìdáhùn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń sọ pé kí ẹ padà wá: àpótí lè kún, sáfà náà sì lè mọ̀ọ́mọ̀ dá àlejò dúró ná, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń da ìpolówó rádaràda ká kì í padà wá. Postfix á kọ "deferred" (ó sún un síwájú), á sì máa gbìyànjú léraléra fún ọjọ́ 5, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí iye yẹn padà, lẹ́yìn náà á dá lẹ́tà padà fún yín. Ẹ ka ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, ẹ óò rí i. MAILER-DAEMON kì í ṣe ènìyàn, sáfà yín fúnra rẹ̀ ni. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 kì í gba ẹ̀bẹ̀: 550 5.1.1 ń sọ pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ àdírẹ́sì náà wò dáadáa kí ẹ tó tún un rán.

Ohun tí n kò fẹ́ràn ni pé Postfix kì í sọ fún ẹni tí ó ránṣẹ́ pé lẹ́tà ń pẹ́, àfi bí a bá ní kí ó sọ. Ẹ kọ "delay_warning_time = 4h" sínú main.cf (fáìlì ètò Postfix), kí ẹ sì pàṣẹ "postfix reload". Lẹ́yìn wákàtí 4, ẹ óò gbọ́, ẹ óò sì lè pe oníbàárà lórí fóònù.