Ṣé àjọ àwọn "Ajalèlókun" lágbàáyé lè sọ wá di ẹgbẹ́ òṣèlú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò. Àwa mẹ́rìnlá kan tí a ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń gbèrò láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú tó máa jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. A gbọ́ nípa Pirate Parties International, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń jẹ́ "Ajalèlókun" jọ lágbàáyé. Tí wọ́n bá gbà wá wọlé, ṣé a ti di ẹgbẹ́ òṣèlú nìyẹn? Ṣé wọ́n á fún wa lówó? Ṣé wọ́n á sì máa pàṣẹ fún wa?

Ìdáhùn: Rárá ni ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ẹ má tíì ká ìwé yín nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Èébú ni tẹ́lẹ̀. "Ajalèlókun" ni àwọn ilé-iṣẹ́ orin àti fíìmù ń pe ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn láìgbàṣẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006, Rick Falkvinge gbé èébú náà wọ̀ bí ẹ̀wù, ó fi dá ẹgbẹ́ Piratpartiet sílẹ̀ ní Sweden. Nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, ọlọ́pàá ya wọ ibi tí The Pirate Bay, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ti ń pín ẹ̀dà orin àti fíìmù, kó ẹ̀rọ rẹ̀ sí ní Stockholm, ni èrò bá ń rọ́ wọ ẹgbẹ́ tuntun yìí. Nígbà tó di 2009, ìdá 7.13 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Sweden gbé wọn wọ Ilé Aṣòfin Yúróòpù. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wá pọ̀ nílẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ni wọ́n bá pàdé ní Brussels ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n sì di àjọ kan.

Àjọ ni o, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Kì í fa olùdíje kalẹ̀ níbì kankan. Òfin ìlú yín nìkan ló lè sọ yín di ẹgbẹ́ òṣèlú: iye ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà, ìwé tí ẹ máa kọ, owó ìforúkọsílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ lè kọ̀wé sí àjọ, kí ìpàdé gbogboogbò wọn sì dìbò lórí yín. Ẹni tí kò bá tíì tó gbangba sùn lọ́yẹ́ lè wọlé bí olùwòye, àmọ́ kò ní í dìbò.

Ní ti owó, àwọn ọmọ àjọ ló ń dáwó fún àjọ, àjọ kì í pín owó kiri. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ka owó òkèèrè léèwọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láti ìta, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ẹ tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló ká mi lára jù. Nígbà kan, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé ìwé òfin ẹgbẹ́ wọn wá fún mi. Ní ojú-ìwé kẹta, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìpinnu àjọ àgbáyé borí ti ẹgbẹ́." Bírò pupa ni mo fi fagi lé e. Òṣìṣẹ́ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ò ní wo ẹ̀ẹ̀mejì kó tó bi wọ́n pé ta ló ni ẹgbẹ́ gan-an. Àjọ fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Iceland kúrò nínú rẹ̀ ní 2015. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ìjókòó 10 nílé aṣòfin wọn, wọn ò sì tíì gba tó bẹ́ẹ̀ rí. Ti Czech náà gba 22 ní 2017. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílé ló gbé wọn débẹ̀.

Kí wá ni èrè? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n. Ẹ máa rí ìwé ìlànà àwọn tó ti bá irú ìjà yín wọ̀yá ìjà: ìpamọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni, àtúnṣe òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìjọba tí kò fi nǹkan bò. Wọ́n wà lára àwọn tó tako ACTA, àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè láti gbógun ti ayédèrú ọjà àti àdàkọ láìgbàṣẹ, tí Ilé Aṣòfin Yúróòpù fi ìbò 478 sí 39 dà nù ní oṣù keje ọdún 2012. Lójú tèmi, ìyẹn tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wọ àjọ.

Kí ẹ tó tẹ ìwé òfin yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ojú-ìwé kẹta ni màá kọ́kọ́ ṣí.