Dígírì 178 tí wọ́n kọ sára páálí

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀rọ tá a fi ń di ọjà sínú páálí ní síkírínì kékeré kan tá a fi ń darí ẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú ẹ̀ gan-an ń rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ní ó ti ṣú, bọ́tìnnì tó bá sì fẹ́ tẹ̀ kọ́ ló máa ń tẹ̀, èyí tó kángun sí i ni. Ìbọ̀wọ́ máa ń wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa. Ẹnì kan fẹ́ ta òmíràn fún wa, ó ní touch tòun jẹ́ capacitive oní-dígírì 178, pé ibi yòówù ká dúró sí, bákan náà la ó máa rí i. Ṣé ká rà á?"

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó.

Touch kì í ní dígírì. Nǹkan méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ tó dà bí ẹyọ kan lójú yín: gíláàsì tàbí ike tó ń mọ ibi tí ọwọ́ kàn wà lókè, ojú LCD tó ń gbé àwòrán jáde wà lábẹ́ ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ti òkè lè má mọ ẹni tó ṣe ti ìsàlẹ̀. Touch ò lè mú kí àwòrán hàn láti ẹ̀gbẹ́ ju bí LCD abẹ́ ẹ̀ ṣe lágbára mọ lọ. Dídín ló lè dín in kù. Ẹni tó bá ń ta "touch oní-dígírì 178", yálà kò mọ ohun tó ń tà, tàbí ó mọ̀ ọ́n jù.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ 178 yìí, nítorí ó ti sú mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í fi nọ́ńbà yẹn hàn mí lára páálí bí ẹni tó rí ìwé ẹ̀rí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á gbé funfun sójú síkírínì, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á gbé dúdú síbẹ̀, wọ́n á wọn ìyẹn náà. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú LCD tó dáa, funfun ẹ̀ lè fi ìlọ́po 1000 mọ́lẹ̀ ju dúdú ẹ̀ lọ. Wọ́n á wá máa yí ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìlọ́po yẹn bá ti já sí 10 péré ni wọ́n ń fa ààlà sí. Dígírì 89 lápá ọ̀tún, dígírì 89 lápá òsì, ó di 178. Àwọn míì tiẹ̀ ń dúró di ìgbà tó bá kù sí 5 kí wọ́n tó fa ààlà tiwọn, kí nọ́ńbà wọn lè tún wú sí i.

Láti 1000 dé 10, tàbí 5. Ohun tí wọ́n ń pè ní "ó ń hàn" nìyẹn o.

Ẹ tún gbé e wò báyìí. Síkírínì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, tẹ́ ẹ bá dúró sí dígírì 89 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fífẹ̀ tó máa kù lójú yín ò tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ wo ló fẹ́ ka nǹkan lójú ìlà?

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé funfun pátápátá àti dúdú pátápátá nìkan ni wọ́n wọ̀n. Kò sẹ́ni tó wọn àwọ̀ eérú, pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ àárín yẹn ni gbogbo àwòrán gidi ń gbé. Wọn ò wọn bí àwọ̀ ṣe ń yí padà. Wọn ò sì sọ bí ìmọ́lẹ̀ funfun fúnra ẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó kẹ́ ẹ tó dé ẹ̀gbẹ́ yẹn. Torí ẹ̀ ni síkírínì méjì ṣe lè kọ 178 sára, kí ọ̀kan dùn-ún wò láti ẹ̀gbẹ́, kí èkejì sì dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ títí tó ṣì.

Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ yẹn wà nínú bí wọ́n ṣe to kírísítálì olómi sínú ẹ̀. LCD kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, iná kan wà lẹ́yìn ẹ̀. (Ẹni tó bá sọ fún yín pé "èyí kì í ṣe LCD, LED ni", iná ẹ̀yìn yẹn ló ń sọ. LCD náà ni.) Kírísítálì wọ̀nyí wà láàárín asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì, bí wọ́n bá sì ṣe yí ara padà ni ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ń pọ̀ sí i tàbí ń dín kù.

Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní TN, tí Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich gbé jáde ní Switzerland ní 1970, kírísítálì máa ń dìde tí iná mànàmáná bá dé ara ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀ àárín, ìdúró ìlàjì ló máa ń dúró, ó fẹ̀gbẹ́ kan bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bẹ́ ẹ bá wò ó láti apá kan, ṣóńṣó orí ẹ̀ lẹ máa rí. Láti apá kejì, gbogbo gígùn ara ẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú yín lápá méjèèjì ò lè dọ́gba láéláé.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé síkírínì TN kọ́ sókè, ó ga ju orí èèyàn lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo gbójú sókè, ojú àwọn èèyàn inú àwòrán ti di bí fíìmù fọ́tò tí wọn ò tíì fọ̀: ibi tó yẹ kó dúdú ń funfun, ibi tó yẹ kó funfun ti dúdú. Mo tún gùn un, mo dorí síkírínì náà kodò, mo sì fi ètò kọ̀ǹpútà yí àwòrán padà kó lè dúró ṣánṣán. Apá tó burú lọ kọjú sí àjà, ìṣòro parí. Títí dòní, ọgbọ́n yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò lówó láti pààrọ̀.

Irú LCD kejì ni IPS, tí ilé iṣẹ́ Hitachi gbé wọ ọjà ní 1996. Kì í jẹ́ kí kírísítálì dìde. Ìdùbúlẹ̀ ló ń yí, bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Ẹ wò ó látòkè, ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tẹ́ ẹ máa rí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Irú èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rà. VA ni irú kẹta: dúdú tiẹ̀ jinlẹ̀ ju ti IPS lọ téèyàn bá wà níwájú gan-an, ó dáa fún ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ tó ṣókùnkùn máa ń ṣì lójú ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o: PLS, ADS àti AHVA, ẹbí IPS ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, AHVA, pẹ̀lú "VA" tó wà nídìí orúkọ ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn tí kò ronú kàn wá.

Nípa bọ́tìnnì tí wọ́n ń ṣì tẹ̀, mi ò rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ mi wé ohun tẹ́ ẹ bá rí. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó dúró níwájú gan-an náà ń ṣì í tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe calibration, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ tún kọ́ touch náà ní ibi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán wà. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ nìkan, àyè afẹ́fẹ́ tó wà láàárín gíláàsì òkè àti LCD ni mo fura sí. Tí àyè yẹn bá jẹ́ mìlímítà 3, tí èèyàn sì ń wò ó láti dígírì 45, ibi tó rò pé òun ń tẹ̀ fi bíi mìlímítà 3 yẹ̀ kúrò níbi tí ọwọ́ ẹ̀ bà. Fún bọ́tìnnì tín-ín-tín, ìyẹn ti tó láti bọ́ sórí aládùúgbò. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara dí àyè náà, tí wọ́n ń pè ní optical bonding. Ó tún ń dín dídán ojú gíláàsì kù, torí ojú gíláàsì kọ̀ọ̀kan tó kan afẹ́fẹ́ máa ń dá nǹkan bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Kẹ́ ẹ sì mú bọ́tìnnì yín tóbi sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Ó ku irú touch fúnra ẹ̀. Capacitive, èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ń mọ ìka nítorí pé iná mànàmáná lè gba ara wa kọjá. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ń dí i lọ́wọ́, omi tó kán sí i sì lè tàn án jẹ. Àwọn kan wà tí wọ́n tò fún ìbọ̀wọ́, àmọ́ ìbọ̀wọ́ tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tajà wọ̀ wá. Irú kejì, resistive, ń mọ títẹ̀: ìpele méjì tí wọ́n fi ohun tó ń gbé iná ra inú wọn ló máa ń kan ara wọn. Ìbọ̀wọ́, bírò, èékánná, gbogbo ẹ̀ ló ń gbà. Àbùkù ẹ̀ ni pé ó tètè ń há, ó sì lè gbé tó ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ LCD mì. Fún iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣàlàyé yìí, resistive lórí IPS tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni èmi máa rà, bí wọ́n tilẹ̀ máa sọ fún yín pé ayé ti kọjá resistive.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ gbé àwòrán ojú èèyàn tó ṣókùnkùn díẹ̀ sí i. Ẹ dúró síbi tí òṣìṣẹ́ yín ń dúró sí gan-an, ẹ lóṣòó, ẹ nàró, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sí lára páálí. Ẹni tí kò bá gbà kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò béèrè: tí ẹ̀rọ yín bá lè gé èèyàn lọ́wọ́ tàbí kó fún un pọ̀, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá a dúró ní pàjáwìrì ò gbọdọ̀ jẹ́ ti orí touch, ì báà jẹ́ irú èyí tó wù kó jẹ́. Bọ́tìnnì pupa gidi, tó ní wáyà tiẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè bà á. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ààbò ẹ̀rọ kó wá wò ó fún yín. Èmi ò lè ti ibi tí mo wà sọ pé ó dáa.