Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀dà Tó Lẹ̀ Mọ́ Ara àti Epo Tó Gún Ìka

Ìbéèrè: Ọ̀dà gbígbóná ta sí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa lápá níbi tá a ti ń ṣe títì. A sáré fà á kúrò, ni awọ ara bá bá a jáde. Kí ló yẹ ká ti ṣe?

Ìdáhùn: Omi ló yẹ kẹ́ ẹ sáré wá, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kan ọ̀dà náà rárá. Ọ̀dà títì sábà máa ń gbóná tó 150 sí 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí wọ́n bá ń dà á, bẹ́ẹ̀ omi tó ń hó kò ju 100 lọ. Omi gbígbóná á ṣàn kúrò lára; ọ̀dà ní tiẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa jó ẹran ara lọ títí ooru inú rẹ̀ á fi tán. Ẹ gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹ má lo yìnyín. Bí omi bá ṣe ń dà sí i, ẹ bọ́ òrùka àti aago rẹ̀ kí ọwọ́ tó wú.

Nígbà tí ọ̀dà náà bá ti le, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tó ti tutù kò jóni mọ́, ó tiẹ̀ ń bo egbò náà kí ìdọ̀tí má wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fà á, awọ abẹ́ rẹ̀ ló ń bó. Kí a fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì nù ún tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ara tó ti jóná kò ní ohun tó máa fi dènà wọn. Ní ọsíbítù, ìpara olóràá tàbí páráfínì olómi (òróró ìṣègùn ni, kì í ṣe kẹrosíìnì) ni wọ́n á fi pa á, wọ́n á wé e, wọ́n á sì ní sùúrù fún wákàtí mélòó kan kó lè rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí sùúrù kò dáa: bí ọ̀dà bá yí apá tàbí ìka po. Bó ṣe ń tutù ló ń sún kì, ẹran ara sì ń wú lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní pẹ́ dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ẹ là á gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má fà á, kẹ́ ẹ sì máa wo ìka rẹ̀. Tó bá funfun, tó tutù, tàbí tó kú tipiri, ọ̀rọ̀ dókítà ni lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ń mú ọ̀dà ta sókè, omi ni lọ́pọ̀ ìgbà. Omi tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á di oru omi lẹ́ẹ̀kan náà, á fẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 1,600, á sì gbé ọ̀dà sókè. Dúrọ́ọ̀mù tí òjò rọ̀ sí, korobá tí kò gbẹ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnu apá ẹ̀wù bo ẹnu ìbọ̀wọ́, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo ẹnu bàtà, kí èyí tó bá ta síni má bàa ráyè wọlé.

Ìbéèrè: Mò ń fi ìka wá ibi tí rọ́bà haidirọ́líìkì katakata, èyí tí epo ń fi agbára gbà kọjá, ti ń jò, nǹkan kan ta mí bí abẹ́rẹ́. Ihò tín-ín-tín ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ṣé ó tó ohun tí mò ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Ìdáhùn: Ó tó. Ẹ lọ kẹ́ ẹ tó ka ìyókù ìdáhùn yìí. Agbára tó wà lẹ́yìn epo yẹn ló ń jẹ́ kó la ìbọ̀wọ́ àti awọ kọjá, á sì gba ẹ̀gbẹ́ iṣan ìka wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Àìdùn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ló ń tan èèyàn. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọwọ́ á wú, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi ṣí i láti fọ epo náà kúrò, tó bá sì pẹ́ ju wákàtí 6 lọ, ewu pé wọ́n á gé ìka náà ń pọ̀ sí i.

Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ má tẹ ojú ihò náà, ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan kan. Ẹ sọ irú epo tó jẹ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi sípíríìtì nù ún kí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ẹ má gbà. Ẹ ní oníṣẹ́ abẹ lẹ fẹ́ rí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú agbára inú rọ́bà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi páálí wá ibi tó ń jò.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn tá a bá ti fi ọ̀dà èédú ṣiṣẹ́, ojú àti ọrùn mi máa ń ta mí gan-an bí mo bá bọ́ sínú oòrùn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àwọn èròjà kan wà nínú ọ̀dà tí wọ́n yọ láti ara èédú ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń jí wọn lára awọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ kúrò kẹ́ ẹ tó jáde síta, ẹ pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́, ẹ bo ọrùn àti ojú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni jẹjẹrẹ awọ: láti ọdún 1775 ni dókítà Percivall Pott ti kọ̀wé ní London nípa jẹjẹrẹ awọ tí dúdú èéfín inú ihò èéfín ilé ń fà fún àwọn tó ń gbá ihò náà. Wọ́n tún ti rí i pé ọ̀dà èédú náà ń fa jẹjẹrẹ. Bí ẹ bá rí wọ́nwọ́n tàbí egbò tí kò jinná lára yín, àní ní abẹ́ aṣọ pàápàá, ẹ fi han dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe fún un.