Kí ló wà nínú eérú tó fi ń di ọṣẹ dúdú?

Potassium carbonate ni, irú iyọ̀ kan tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium nínú. Tí wọ́n bá sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á kó o sínú ìkòkò tó nihò nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi tó ń kán sílẹ̀ yẹn, tó pọ́n rúsúrúsú, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, òun gan-an ni álíkálì. Ìdí tó fi ń yọ̀ ni pé ó ti ń sọ ọ̀rá ara ìka yín di ọṣẹ, torí náà ẹ má jẹ́ kó kan ojú o! Tí wọ́n bá wá sè é pọ̀ mọ́ àdín, á já ọ̀rá náà sí méjì, glycerine, ìyẹn omi kan tó ki, lọ́tọ̀, ọṣẹ lọ́tọ̀. Potassium yẹn ló jẹ́ kí ọṣẹ dúdú máa rọ̀, ọṣẹ tí wọ́n fi álíkálì tó ní sodium, èròjà míì, ṣe ló máa ń le gbagidi.

Àwọn aláró náà ń lo omi eérú yìí. Aró inú ewé ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán, àfi kó kẹ̀ nínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i báyìí á di búlúù lójú yín, ó dùn ún wò gan-an ni. Kọ́stíìkì sódà ni ọ̀pọ̀ aláàdìrẹ ń lò báyìí ṣá.

Orúkọ álíkálì fúnra ẹ̀, èdè Lárúbáwá ni, al-qali, eérú ewéko tí wọ́n sun. Ọdún 1807 ni Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi iná mànàmáná yọ potassium jáde fúngbà àkọ́kọ́.