Jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀

Àbúrò, o ní ṣé kí o máa fi "mo" kọ àyẹ̀wò géèmù, àbí kí o fara pamọ́ bíi ti ìwé ìròyìn géèmù Edge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n mọ̀ mọ́ àyẹ̀wò tí kò lórúkọ ẹni tó kọ ọ́. Mo ti gba ọ̀nà méjèèjì. Méjèèjì ló nà mí.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, olóòtú wa kórìíra "mo". Ó ní àyẹ̀wò kì í ṣe lẹ́tà sí ìyá ẹni. Bẹ́ẹ̀ òòyì máa ń kọ́ mi bí mo bá ń gbá géèmù tó jẹ́ pé ojú akọni gan-an lèèyàn fi ń wo gbogbo nǹkan. Kò ní pé ogún ìṣẹ́jú tí màá fi máa wá omi tútù. Wọ́n gbé irú rẹ̀ kan fún mi. Mo fún un ní 5 nínú 10, mo kọ ọ́ pé kámẹ́rà rẹ̀ kò dúró sójú kan. Irọ́! Orí mi ló ń yí. Àwọn tó ra géèmù náà bú mi, wọ́n sì jàre. Ká ní mo sọ ọ̀rọ̀ òòyì yẹn ni, ẹni tí òòyì kì í kọ́ ì bá mọ̀ pé máàkì mi kò kan òun, ẹni tó ń ṣe bíi tèmi ì bá sì fowó rẹ̀ sápò.

Ìwé ìròyìn géèmù Famitsu ní Jàpáánì ti mọ èyí tipẹ́: èèyàn mẹ́rin á gbá géèmù kan, kálukú á fún un ní máàkì nínú 10, wọ́n á ro ó pọ̀ sórí 40. Bó o bá kà á pẹ́, wàá mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá tìrẹ mu.

Wo Jeff Gerstmann náà, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ àyẹ̀wò géèmù. Ìkànnì géèmù GameSpot lé e lóṣù Kọkànlá ọdún 2007, lẹ́yìn tó fún géèmù Kane & Lynch ní 6 nínú 10, tí ìpolówó géèmù yẹn sì gba ojú ìkànnì wọn kan. Lọ́dún 2008 òun àti Ryan Davis, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní GameSpot, dá ìkànnì tiwọn, Giant Bomb, sílẹ̀, èrò sì wọ́ tẹ̀ lé wọn. Gerstmann ni wọ́n ti ń kà látọjọ́ yẹn.

Àmọ́ má ṣe àṣejù mi o. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ fídíò tèmi, iná lọ lọ́jọ́ kan, géèmù kò sì fi ibi tí mo bá a dé pamọ́. Wákàtí 6 ṣòfò. Mo pariwo, tinútinú ni, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ. Ni mo bá ń bínú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Títí mo fi bú géèmù kan tí mo gbádùn dọ́ba, torí pé Fúráìdé tí mo máa ń gbé fídíò jáde ti dé. Ìyàwó mi yọjú: "Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbá di aago mẹ́ta òru nìyí?"

Mo pa fídíò yẹn rẹ́. Ìlà mẹ́ta ni mo máa ń kọ sókè àyẹ̀wò báyìí: ẹ̀rọ tí mo fi gbá a, iye wákàtí tí mo lò, àti ohun tí ara mi kì í gbà.