Èsì: Ìdẹ oníke wo ni kí n mú lọ sí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ẹ̀gbọ́n, ìdẹ 60 tí ẹ fẹ́ kó sínú àpótí kan ti pọ̀ jù fún ọ̀sà Àjàṣẹ́. Mẹ́jọ tó.

Ìdẹ onírọ́bà tó dà bí ẹja, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú: funfun méjì, aláwọ̀ ilẹ̀ méjì, pẹ̀lú ìwọ̀ olórí òjé gíráàmù 7 àti 10. Ẹ rọra fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bí ìrù rẹ̀ ò bá gbọ̀n, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má kó rọ́bà mọ́ ìdẹ oníke líle síbì kan náà o, rọ́bà á yọ́, á sì ba ọ̀dà ara èkejì jẹ́.

Ìdẹ onírin tó rí bíi síbí, gíráàmù 10 sí 15, méjì: ó ń lọ jìnnà bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ìdẹ oníke líle tó dà bí ẹja, sẹ̀ǹtímítà 9, méjì, àwọn tí kì í rì ju ìdajì mítà lọ. Ọ̀sà wa ò jìn, èyí tó ń rì dé mítà 3 á kàn máa wa ẹrẹ̀ kiri ni.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ń kó koríko, ẹ fi ẹlẹ́nu kan pààrọ̀ rẹ̀. Ẹja kúta ń fi eyín gé okùn, torí náà ẹ so wáyà sẹ̀ǹtímítà 20 síwájú ìdẹ. Ti epìyà ńkọ́? Ẹ gbàgbé oníke, ekòló ló mọ̀.